Ta Ni Yóò Kó Òjò Dídì Kúrò Lórí Àtẹ̀gùn?

 

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ wà ní kíláàsì, èmi náà ti jókòó rí ní irú ibi tí ẹ jókòó sí yìí. Ní Kétu ni. Mo ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, iṣẹ́ káfíńtà ni mo sì ń ṣe. Ní alẹ́, bí mo bá ti fi ayùn àti òòlù sílẹ̀, mo máa ń lọ kọ́ bí a ti ń ka Yorùbá àti bí a ti ń kọ ọ́. Olùkọ́ wa máa ń sọ fún wa pé: "Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò tíì kà." Gbogbo wa a sì dáhùn pé a ti gbọ́.

Mo gbọ́ ọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan dé, ní ìlú òkèèrè, tí mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ohun tí ó tìdí rẹ̀ yọ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ìlú náà ni Montréal. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Québec, ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò. Nítorí náà ni àwọn ọmọ wa kan fi ń lọ síbẹ̀. Ìyàwó mi ni ó kọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì ni. Èmi àti àwọn ìbejì wa tẹ̀ lé e ní ọdún 2018.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí òjò dídì jẹ́ fún yín. Ẹ mọ yìnyín. Nígbà mìíràn, bí òjò ńlá bá ń rọ̀ ní Kétu tàbí ní Sábẹ̀ẹ́, yìnyín a bọ́ lu páànù, àwọn ọmọdé a sì sá jáde lọ ṣà á. Kò pẹ́ tí yóò fi yọ́. Òjò dídì kò rí bẹ́ẹ̀. Òtútù a mú tó bẹ́ẹ̀ tí omi inú ìkùukùu yóò dì, yóò sì máa já bọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Kì í pariwo. Ìwọ yóò sùn ní alẹ́, ilẹ̀ dúdú ni o fi sílẹ̀. Ìwọ yóò jí ní òwúrọ̀, gbogbo rẹ̀ ti funfun: òrùlé, igi, ọkọ̀, ọ̀nà.

Ní Montréal, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin ni ó máa ń bọ́. Bí a bá ro gbogbo èyí tí ń bọ́ ní ọdún kan pọ̀, ó máa ń tó mítà méjì. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà ilé yín. Ẹ rò ó wò bí ohun tí ó ga jù yín lọ bá bọ́ sí ibẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan.

Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, ó fúyẹ́. Ìgbálẹ̀ pàápàá lè gbá a. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á le. Bí oòrùn bá ràn, á yọ́ di omi. Bí ilẹ̀ bá ṣú, omi náà á tún dì, á wá di yìnyín tí ó mọ́ bíi díńgí. Ojú kì í tètè rí i. Ẹsẹ̀ tí ó bá tẹ̀ ẹ́ kò ní ibi tí yóò dì mú. Èyí ni ó ń ṣẹ́ ènìyàn ní itan àti ní apá.

Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ kó òjò dídì kúrò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kó o?

Ní Montréal, ìjọba ìlú ni ó ń kó èyí tí ó wà lójú títì àti ní ẹ̀gbẹ́ títì tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Iṣẹ́ ńlá ni. Ọ̀nà tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 10,000 kìlómítà. Àwọn kátakátà kékeré a máa lọ sókè sódò ní ẹ̀gbẹ́ títì, lọ́sàn-án lóru. Bí òjò dídì bá pọ̀, wọ́n á gbé àmì aláwọ̀ ọsàn sí etí títì kí àwọn ọlọ́kọ̀ lè gbé ọkọ̀ wọn kúrò. Wọ́n á sì fi ọkọ̀ akẹ́rù kó o lọ. Wọ́n ń da púpọ̀ nínú rẹ̀ sí kòtò ńlá kan tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Francon.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba parí sí ẹ̀gbẹ́ títì. Láti ibẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ, ọ̀rọ̀ di ti onílé àti ayálégbé. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.

Ilé tí a kọ́kọ́ gbé jẹ́ ilé ńlá tí ìdílé púpọ̀ wà nínú rẹ̀. Onílé gba òṣìṣẹ́ kan. Bí òjò dídì bá ti bọ́, òṣìṣẹ́ yìí á dé kí ilẹ̀ tó mọ́, á kó gbogbo rẹ̀. Èmi kò fọwọ́ kan ṣọ́bìrì. Mo wá gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí níbi gbogbo: ẹni tí ó ni ilé ni ó ni òjò dídì.

Ní ọdún 2019, a wá ilé tí ó tóbi díẹ̀ sí i nítorí àwọn ìbejì. A rí ọ̀kan ní òkè, ní ilé alájà méjì. Àtẹ̀gùn onírin kan wà níta tí ó gùn láti etí títì dé ẹnu ilẹ̀kùn wa. Irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Montréal. Tiwa nìkan ni èyí. Ìyá àgbà ará Haiti tí ń gbé ìsàlẹ̀ ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ìyá Ìsàlẹ̀ ni à ń pè é.

Ọjọ́ kìíní oṣù keje ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó lọ sí ilé tuntun ní Québec. Kí ọjọ́ náà tó pé, onílé mú ìwé àdéhùn wá. Ìyàwó mi wà ní ẹnu iṣẹ́. Ó ti sọ fún mi pé: "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i."

Ẹ gbọ́ òtítọ́. Mo lè ka Yorùbá. Mo lè sọ Faransé tí a fi ń ná ọjà àti èyí tí a fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n Faransé inú ìwé yẹn ga jù mí lọ. Onílé jókòó níwájú mi, ó ń dúró. Ojú tì mí láti sọ fún un pé kò yé mi. Mo yí ojú ìwé sókè, mo yí i sódò, mo mi orí bí ẹni tí ń ka nǹkan. Mo sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ìyàwó mi dé, ó bi mí pé: "Ṣé ẹ ti kà á?"

Mo ní: "Mo ti kà á."

Ó gba bíírò, òun náà fọwọ́ sí i lábẹ́ tèmi. Ó gbà mí gbọ́.

Ìgbà òtútù dé. Nígbà tí òjò dídì kọ́kọ́ bọ́, mo ń retí òṣìṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó wá. Èyí tí ó bọ́ náà kéré, ó sì yọ́. Nǹkan mìíràn tún wà. Páànù gígùn kan wà ní etí òrùlé tí ń gba omi. Ó ti là ní ibì kan. Bí oòrùn bá ràn, omi á máa kán láti ibẹ̀ sí orí àtẹ̀gùn, ní ìgbésẹ̀ kẹrin. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á dì. Mo rí i. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń rí i. Mo kàn ń gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀ ni. Mo ń sọ nínú ara mi pé: "Ilé onílé ni. Yóò rí i." Bẹ́ẹ̀ ni onílé kò gbé ibẹ̀. Apá kejì ìlú ni ó ń gbé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kìíní ọdún 2020, òjò dídì ti bọ́ ní gbogbo òru. Ìyàwó mi ti iṣẹ́ òru dé. Ó di irin mú, ó rọra gun òkè. Ó ní: "Àtẹ̀gùn yẹn kò dára." Mo ní: "Mo ń retí onílé." Ó wọlé lọ sùn.

Nígbà tí ó di nǹkan bí agogo mẹ́wàá, mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí pákó bá já bọ́ láti orí ọkọ̀. Mo ṣílẹ̀kùn. Apínlẹ́tà ni. Ọmọkùnrin kan tí ó máa ń kí wa dáadáa ni. Ó ti gùn ún dé ìgbésẹ̀ kẹrin, ó sì ti ṣubú padà sí ìsàlẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́tà fọ́n káàkiri lórí òjò dídì.

Mo ké pe ìyàwó mi. Ó sáré dìde. Ó ní kí n mú pákó pẹlẹbẹ kan wá nínú àwọn pákó iṣẹ́ mi, ó sì fi gèlè dì í mọ́ apá ọmọkùnrin náà kí ó má ba à mì. A da ìbora bò ó. A pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ohun kan ṣoṣo ni ọmọkùnrin náà ń sọ: kí a jọ̀ọ́, kí a bá òun ṣa àwọn lẹ́tà náà kí wọ́n má ba à tutù. Mo kúnlẹ̀, mo ń ṣà wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ tèmi. Ìjọba ni ó fi ránṣẹ́, nípa kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àlejò ní èdè Faransé lọ́fẹ̀ẹ́.

Egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, onílé dé. Kò pariwo. Ó tẹ́ ìwé àdéhùn sórí tábìlì, ó fi ìka tọ́ka sí ibì kan. Ní Québec, ìjọba ni ó ṣe ìwé yìí. Irú kan náà ni gbogbo onílé gbọ́dọ̀ lò. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti kọ ẹni tí yóò máa kó òjò dídì àti yìnyín: ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, ní ọ̀nà àbáwọlé, lórí àtẹ̀gùn, àti lórí bálíkọ́nì. Ní iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó fi àmì sí abẹ́ "onílé" tàbí sí abẹ́ "ayálégbé". Nínú ìwé tiwa, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ọ̀nà àbáwọlé jẹ́ ti onílé. Àtẹ̀gùn àti bálíkọ́nì jẹ́ ti ayálégbé. Orúkọ mi sì wà ní ìsàlẹ̀.

Ìyàwó mi wo àmì náà. Ó wò mí. Kò sọ nǹkan kan níwájú onílé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Mo ní: "Ilé yín ha kọ́?" Onílé dìde. Ó ní òun yóò padà wá ní ọjọ́ Sátidé.

Nígbà tí ó lọ tán, ìyàwó mi fa ìwé náà sí iwájú mi. Ó ní: "Ẹ ní ẹ ti kà á."

Mo dákẹ́.

Ó ní: "Ẹ kà á báyìí. Èmi kò ní kà á fún yín. Èmi yóò jókòó tì yín."

Bẹ́ẹ̀ ni mo fi ìka sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí mo ti ń ṣe ní Kétu, mo ń kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èyí bá le, ìyàwó mi á sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Òru jìn kí a tó parí. Òógùn bò mí nínú òtútù yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kà á, ọ̀rọ̀ náà ń yé mi. Mo rí ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ìwé náà kò gbè mí nìkan, kò sì gbe onílé nìkan. Ó pín iṣẹ́.

Ní apá ẹ̀yìn ìwé náà, wọ́n kọ díẹ̀ nínú ohun tí òfin Québec wí. Òfin ní kí onílé fi ilé tí ó ṣeé gbé lé ayálégbé lọ́wọ́, kí ó sì máa tún un ṣe kí ó lè máa ṣeé gbé títí àdéhùn yóò fi parí. Páànù tí ó là ní etí òrùlé, ọ̀rọ̀ onílé ni. Ayálégbé kò lè gun òrùlé onílé. Ṣùgbọ́n òfin náà tún ní kí ayálégbé tí ó bá rí ìbàjẹ́ ńlá lára ilé tètè sọ fún onílé. Èmi sì ti rí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò sọ.

Mo wá ka iṣẹ́ náà lórí ìka mi. Òjò dídì orí àtẹ̀gùn: tèmi. Páànù tí ń jò: ti onílé. Láti sọ fún onílé pé páànù ń jò: tèmi. Nínú mẹ́ta, méjì jẹ́ tèmi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti jókòó sínú ilé, tí mo ń retí ẹni ẹlẹ́ni.

Ní ọjọ́ Sátidé, onílé dé. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé n kò ka ìwé náà kí n tó fọwọ́ sí i, àti pé ojú ni ó tì mí. Lẹ́yìn náà, mo mú un lọ síta, mo fi ìgbésẹ̀ kẹrin hàn án, mo sì ní kí ó wo òkè. Ó wò ó pẹ́. Ó bi mí pé: "Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?" N kò rí èsì fún un. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ti ara ẹlòmíràn ni ó bá mi dákẹ́. Ohun tí ó dùn mí jù nìyẹn.

Onílé náà ní òun pẹ̀lú jẹ̀bi díẹ̀. Ó ní ó yẹ kí òun ti fi ẹnu ṣàlàyé àmì wọ̀nyẹn fún wa, àti pé ó yẹ kí òun máa wá wo òrùlé òun. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti mú oníṣẹ́ wá tún páànù ṣe. Èmi ra ṣọ́bìrì àti iyọ̀. Mo sì kọ lẹ́tà kan sí i láti fi ọ̀rọ̀ páànù náà sí àkọsílẹ̀. Ìyàwó mi tún un ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Mo kọ ọjọ́ sí i, mo sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́. Lẹ́tà Faransé àkọ́kọ́ tí mo kọ ní ayé mi nìyẹn.

Kí ni ti ọmọkùnrin apínlẹ́tà? Ní ìgbà ìrúwé, ó padà sí ẹnu iṣẹ́. Mo dúró dè é ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo sọ fún un pé: "Iṣẹ́ mi ni láti kó òjò dídì yẹn, n kò kó o. Jọ̀ọ́, má ṣe bínú." Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní láti ọjọ́ náà, òun kì í gun àtẹ̀gùn kankan láìkọ́kọ́ wò ó. Kò pè wá lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ní Québec, ẹni tí ó bá ṣubú bẹ́ẹ̀ lè pe ẹjọ́. Ó ní láti fi hàn pé ẹnì kan ṣe àìbìkítà, àti pé àìbìkítà náà ni ó pa òun lára. Bí ó bá fi í hàn, onílé tàbí ayálégbé lè san owó tí kò kéré. Bí onílé àti ayálégbé fúnra wọn bá sì ní aáwọ̀, ilé ẹjọ́ kan wà fún ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Láti ọdún 2020, Tribunal administratif du logement ni wọ́n ń pè é. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ń ṣe ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀: ìwé àdéhùn, lẹ́tà, ọjọ́, àwòrán.

Bóyá ìwọ tí ń kà yìí ní ọmọ tàbí àbúrò ní ìlú òtútù. Bóyá ìwọ fúnra rẹ yóò dé ibẹ̀. Nítorí náà, gbọ́ bí mo ti ń ṣe é nísinsìnyí.

Èmi kì í jẹ́ kí òjò dídì pẹ́ lórí àtẹ̀gùn. Kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni mo ti ń kó o. Láti òkè ni mo ti ń bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń bù ú, nítorí èyí tí ó ti tutù wúwo, àwọn dókítà sì ń kìlọ̀ pé iṣẹ́ náà lè pa ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò le lára. Bí mo bá kó o tán, mo ń wọ́n iyọ̀ sí i kí yìnyín má ba à dì. Bí òtútù bá mú púpọ̀, tí ó tó ìwọ̀n 15 ní ìsàlẹ̀ òdo, iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà náà, òkúta wẹ́wẹ́ ni mo ń wọ́n, kí bàtà lè rí ohun dì mú.

Má ṣe da omi gbígbóná sí i. Èmi dà á lẹ́ẹ̀kan lórí bálíkọ́nì. Mo rò pé mo gbọ́n. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi di yìnyín. Ìyá Ìsàlẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun náà ni ó kọ́ mi pé n kò gbọ́dọ̀ da òjò dídì ilé mi sí ojú títì tàbí sí ẹ̀gbẹ́ títì. Òfin ìlú kọ̀ ọ́. Inú ọgbà ilé ni kí a kó o jọ sí.

Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé ohun tí ó wà ní Montréal ni ó wà níbi gbogbo. Ní ìpínlẹ̀ Ontario, tí òun àti Québec jọ pààlà, ọ̀tọ̀ ni. Ní ọdún 2009, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ibẹ̀ dá ẹjọ́ obìnrin ayálégbé kan tí yìnyín gbé ṣubú ní ilé tí ó ń gbé. Ìwé àdéhùn ní ayálégbé ni yóò máa kó òjò dídì ní ọ̀nà rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní òfin ti gbé iṣẹ́ yẹn lé onílé lórí, ìwé ilé gbígbé kò sì lè gbé e kúrò lórí rẹ̀. Bí onílé bá fẹ́ kí ayálégbé bá òun ṣe é, àdéhùn iṣẹ́ tí ó dá dúró ni kí wọ́n ṣe.

Ní ìlú New York, ní Amẹ́ríkà, ẹ̀gbẹ́ títì pàápàá kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba. Àwọn tí ó ni ilé tàbí tí ń lo ilé ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó o níwájú ilé wọn. Wọ́n fi àkókò sí i: bí òjò dídì bá dá ní ọ̀sán, wákàtí mẹ́rin ni wọ́n ní. Bí ó bá dá ní òru, kí wọ́n ti kó o kí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ tó lù. Ẹ rí i pé òfin ìlú kan kì í ṣe òfin ìlú kejì. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ lè ní: "Òjò dídì kì í bọ́ ní ọ̀dọ̀ wa." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, mo gbé yàrá kan ní agbo ilé tí ayálégbé mẹ́fà wà. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbá àgbàlá, kí ó sì kó ìdọ̀tí ojú ọ̀nà omi. Kò sí ìwé. Ẹnu ni a fi pín in. Ọ̀sẹ̀ tí olúkúlùkù bá ní "kì í ṣe èmi ni ó kàn," omi òjò á wọ yàrá gbogbo wa. Bí páànù bá ń jò, a ó máa gbé garawa síbẹ̀, a ó máa kùn sí onílé láàárín ara wa, ẹnì kankan kò ní lọ bá a. Ìwà tí mo gbé lọ sí Montréal nìyẹn. Láti Àjàṣẹ́ ni mo ti gbé e lọ.

Ní ọdún 2018, wọ́n ṣe òfin ní Bẹ̀nẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn kan ìwọ náà. Bí onílé bá mú ìwé wá, sọ fún un pé kí ó fi sílẹ̀ di ọ̀la. Mú un wá sí kíláàsì. Kà á pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ. Ibi tí kò bá yé ọ, bèèrè. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú wà nínú kí ènìyàn máa mi orí sí ohun tí kò yé e.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, òjò dídì bọ́ ní Montréal bí n kò ti rí i rí. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó ju 70 sẹ̀ńtímítà lọ. Ìgbà mẹ́ta ni mo jí ní òru ọjọ́ kan láti kó ti àtẹ̀gùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó mi ti iṣẹ́ dé. Ó tẹ ìgbésẹ̀ kìíní, ó tẹ èkejì, ó tẹ ẹ̀kẹta. Ó dúró lórí ẹ̀kẹrin, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Gbígbẹ ni.

Ó ní: "Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́."

 

Ìbéèrè fún kíláàsì

1. Kí ni ó fà á tí káfíńtà náà fi fọwọ́ sí ìwé tí kò kà?
2. Nínú iṣẹ́ mẹ́ta tí ó kà lórí ìka rẹ̀, èwo ni ti onílé? Èwo ni ti ayálégbé?
3. Nínú ilé tí ẹ ń gbé, ta ni ó ń tún òrùlé ṣe? Ta ni ó ń gbá àgbàlá? Ṣé ẹ kọ ọ́ sílẹ̀?
4. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí onílé kan láti sọ fún un pé páànù ń jò. Ẹ má ṣe gbàgbé láti kọ ọjọ́ sí i.